Strut bàálù kékeré: ká tún un ṣe ni, àbí ká pààrọ̀ rẹ̀?

Nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òṣómàáló là ń pe oníṣòwò aṣọ tó bá wá sin gbèsè, tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tó ní òun ò ní nàró àfi tówó òun bá pé. Iṣẹ́ òṣómàáló gan-an ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù kí n tó fẹ̀yìn tì wálé sí Iléṣà. Ìdí strut, ìyẹn ọ̀pá tó di apá bàálù mú, ni mo máa ń lóṣòó sí, níbi tó ti kanra mọ́ ìsàlẹ̀ ara bàálù. Ẹni tó bá dúró lóòró wò ó, ọ̀dà tó ń dán nìkan ló máa rí.

Kò sí pápá bàálù ní Iléṣà, kò sí ní Ilé-Ifẹ̀. Àkúrẹ́, Ìbàdàn tàbí Ìlọrin la ti ń wọ bàálù. Àmọ́ strut ṣeé tú, ó sì ṣeé dì sẹ́yìn ọkọ̀ pick-up, nítorí náà wọ́n ń gbé e wá bá mi. Ìbéèrè tí wọ́n ń gbé bọ̀ kì í ju méjì lọ: irú àyẹ̀wò wo ló tó, àti pé tó bá ti bàjẹ́, ṣé ó ṣeé tún ṣe. Mo kọ èyí kí n má baà máa tún un sọ lórí fóònù.

Òpó nílẹ̀, okùn lókè

Bàálù kékeré tí apá rẹ̀ wà lókè orí awakọ̀, irú Cessna 172 tàbí Piper Super Cub, ló sábà máa ń lo strut. Ọ̀pá ni, tó ti ìsàlẹ̀ ìhà bàálù dá gbọọrọ lọ sí abẹ́ apá. Cessna 172 ní ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ti Super Cub àti àwọn Piper àtijọ́ tó jọ ọ́ jẹ́ méjì-méjì, tó ya bíi lẹ́tà V.

Tí bàálù bá wà nílẹ̀, òpó ni strut: ó ń gbé apá ró kó má wó. Tó bá ti gbéra, ó di okùn. Atẹ́gùn á máa ti apá sókè, strut á máa fà á sísàlẹ̀ kó má baà ká sókè bí agbòjò tí ìjì yí inú rẹ̀ síta. Bí okùn yẹn bá já, kò sí ohun tí awakọ̀ lè ṣe sí i mọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bá ẹnikẹ́ni nájà lórí ọ̀rọ̀ strut.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irin wo ni

Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan, ẹ fi kan strut. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin gidi ni. Bí ti J-3 Cub, Super Cub, Pacer àti Tri-Pacer ṣe rí nìyẹn. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ̀mù ni, bíi ti Cessna 172. Àìsàn méjèèjì ò jọra, oògùn wọn náà ò jọra.

Inú ni strut irin ti ń jẹrà. Inú rẹ̀ ṣófo, ògiri rẹ̀ ò sì ju bíi milimítà kan lọ. Omi òjò á gba orí rẹ̀ wọlé, tàbí kó gba ibi tí fọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀, ìyẹn irin ẹlẹ́nu méjì tó so ó mọ́ ara bàálù, ti yí wọ̀ ọ́, á ṣàn lọ sí ìdí, á sì jókòó síbẹ̀. Nílẹ̀ olótùútù, omi yẹn lè di yìnyín kó sì la irin. Tiwa kì í dì, àmọ́ láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ lágbègbè wa, ooru ò sì jẹ́ kí irin sinmi. Òde á máa dán, inú á máa di ẹ̀kúnná.

Àwọn aláṣẹ òfuurufú Amẹ́ríkà, ìyẹn FAA, ti ń pàṣẹ lórí strut àwọn Piper yìí láti 1977. Wọ́n tún un gbé jáde ní 1993, wọ́n sì tún un tò ní 2015. Kókó rẹ̀ ni pé strut tí wọn ò dí pa kí omi má baà wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò ní gbogbo oṣù 24, kí fọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gba tirẹ̀ ní gbogbo wákàtí 500 tí bàálù bá fi fò. Ẹni tó bá fi èyí tí wọ́n ti dí pa láti ilé-iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò olóṣù 24 yẹn. Àṣẹ orílẹ̀-èdè tó ṣe bàálù ni NCAA, àwọn aláṣẹ òfuurufú Nàìjíríà tiwa, náà ń béèrè pé kí ẹ tẹ̀ lé, nítorí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyẹn.

Ti alumíníọ̀mù, orí àti ìdí ni wàhálà rẹ̀ wà: ihò bóòtù tó ti fẹ̀, ibi tó ti sán, ìyẹ̀fun funfun níbi tí irin ti ń fara kan alumíníọ̀mù. Ẹ ṣí ìbòrí pélébé tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá yẹ strut Cessna wò láì ṣí ìbòrí yẹn, ó kàn kí i lásán ni.

Àyẹ̀wò strut irin: èwo ló tó?

| Ọ̀nà | Ohun tó ń fi hàn | Ohun tí kò lè fi hàn |
|---|---|---|
| Ojú àti ọwọ́ | ọ̀dà tó wú, ibi tó tẹ̀, ìpẹtà tó ti yọ síta | ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú |
| Maule tester | ibi tí ògiri ti rọ̀ jù | iye tó ṣẹ́kù níbi tí kò tíì rọ̀ |
| Ultrasonic | bí ògiri ṣe nípọn tó | ihò ìpẹtà tó kéré ju ẹnu ẹ̀rọ lọ |
| Kámẹ́rà olókùn | bí inú ṣe rí | bí ògiri ṣe nípọn tó |

Ojú ò ná yín ní kọ́bọ̀, ojoojúmọ́ ló sì yẹ kẹ́ ẹ lò ó kẹ́ ẹ tó gbéra. Ṣùgbọ́n kí ìpẹtà tó yọ síta, ó ti jẹun yó nínú. Àwọn kan máa ń fi owó ẹyọ kan án, wọ́n á ní àwọn ń gbọ́ ìró rẹ̀. Èmi ò gbà á gbọ́ rí.

Maule tester ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lẹ́wà. B. D. Maule, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára bàálù Maule, ló ṣe é, aṣọ tí wọ́n fi ń bo ara bàálù ló sì kọ́kọ́ wà fún. Ó dà bíi bírò ńlá tó ní sípíríǹgì nínú. Ẹ ó ha ọ̀dà tó ti ń ṣí kúrò nísàlẹ̀ strut, ẹ ó fi ṣọ́ọ̀kì pín in sí ojú kéékèèké bí ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé, ẹ ó wá máa tẹ tester náà mọ́ ojú kọ̀ọ̀kan títí àmì rẹ̀ yóò fi dé 80. Ibi tó bá tẹ̀ wọnú, tójú rí i tàbí tí ìka mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò sí pé ó tẹ̀ díẹ̀. Strut yẹn ò gbọ́dọ̀ padà sára bàálù.

Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹni tó ṣáájú mi fi ojú lásán yẹ Super Cub kan wò, ó buwọ́ lu ìwé rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo gbé apá náà lé orí igi tí mo fi fóòmù wé, mo sì yí fọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ kúrò. Omi tú sí mi lọ́wọ́, ó pọ́n bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí. Lẹ́yìn omi, ìpẹtà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí èèpo igi. Mo gbé tester lé e níwọ̀n ìka mẹ́ta sókè ìdí rẹ̀. Àmì ò tíì dé 80 tó fi wọlé, bí èékánná ṣe ń wọ ìdí agolo mílíìkì tó ti dógùn-ún. Ọ̀dà òde rẹ̀ ṣì ń dán débi pé mo ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀.

Àbùkù tester ni pé ọwọ́ ẹni tó mú un ló ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀lẹ á fo ojú mẹ́ta, á tẹ ìkẹrin. Àti pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ. Bí ògiri bá ti fẹ́ẹ́ rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì rọ̀, tester á ní ó dáa. Ẹ má sì gbé e lé alumíníọ̀mù. Kò sí fún un.

Ibẹ̀ ni ultrasonic ti wúlò. Ó ń rán ìró wọnú irin, ó ń ka ìgbà tí ìró náà fi padà, ó sì ń sọ bí ògiri ṣe nípọn tó. Mọ̀lẹ́bí èyí tí wọ́n fi ń wo oyún ní ilé-ìwòsàn ni, títí dórí jẹ́ẹ̀lì tútù tí wọ́n ń fi pa ikùn aboyún. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé ẹ lè kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ sì fi wé ti ọdún méjì sí i. Àmọ́ ó ní ohun tó ń fẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ ha ọ̀dà kúrò, torí ọ̀dà ń ṣì í lọ́nà. Ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ náà wọn irin àpẹẹrẹ tẹ́ ẹ ti mọ ìnípọn rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e jáde nínú àpò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nǹkan lójú ẹsẹ̀, ẹ sọ fún un pé kó ṣeun, kó máa lọ. Àwọn tó ń yẹ páìpù epo wò ní Wàrì àti Pọ́tákọ̀ mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹni tó ti wọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rí lẹ pè. Páìpù nípọn, strut ò nípọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa irin ní OAU, Ifẹ̀, ló jẹ́ kí n mọ ibi tí ultrasonic kù sí. Strut tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ní èkejì tó bá a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà. A wọn èkejì yìí níbi mẹ́sàn-án, gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ ló dára. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká là á." Ó fi ayùn irin là á gbọọrọ bí ẹní la ọ̀pá ìrèké. Láàárín ibi kẹrin àti ìkarùn-ún tá a wọn, ihò ìpẹtà kan wà níbẹ̀ bí orí ìṣó, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde sí òde. Ẹnu ẹ̀rọ ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀méjì. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lo ọ̀kan láìlo èkejì: tester káàkiri gbogbo ojú, lẹ́yìn náà ultrasonic níbi tó bá ti kọjá.

Kámẹ́rà olókùn dára láti fi wo inú nígbà tí fọ́ọ̀kì bá ti kúrò. Tí inú bá mọ́ tó sì ń dán nítorí òróró, ọkàn yín á balẹ̀ díẹ̀. Tó bá pupa, ẹ padà sí tester. X-ray náà wà. Ó ń rí púpọ̀, àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ pọ̀, ìtànṣán rẹ̀ sì léwu fún ẹni tó bá wà nítòsí. Fún ọ̀pá irin mẹ́rin, mi ò rí ìdí rẹ̀.

Fọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀, lọ́tọ̀ ni tirẹ̀. Ibi yíyí rẹ̀ ni ó ti máa ń sán, ojú kì í sì rí i. Wọ́n á sọ ọ́ di mágínẹ́ẹ̀tì fúngbà díẹ̀, wọ́n á da ẹ̀kúnná irin aláwọ̀ lé e, ibi tó bá ti sán ni ẹ̀kúnná náà máa tò sí bí èèrà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀kì jáfara nítorí pé strut fúnra rẹ̀ yege.

Kí n tó kúrò níbí: ẹ má tú bóòtù strut kankan láì kọ́kọ́ gbé apá náà lé nǹkan, lábẹ́ igi àyà rẹ̀ (spar, ọ̀pá líle tó gba inú apá já) gan-an, kì í ṣe lábẹ́ ibi tó rọ̀. Mo mọ ẹni tó rò pé méjì ló kúkú wà, ọ̀kan á gbé e ró. Apá náà balẹ̀ kó tó ju sípánà sílẹ̀.

Tó bá ti bàjẹ́ ńkọ́?

Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé strut Piper rẹ̀ wá sí Iléṣà lọ́jọ́ kan. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jó irin ní Ìsọ̀kún. Mo bá wọn níbẹ̀. Ọ̀gá ajórin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo géètì àdúgbò wa ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi sílẹ̀ fún mi," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá padà dé láago mẹ́rin, ẹ ò ní mọ ibi tó ti lu mọ́."

Mo ní, "Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ rèé. Tí géètì bá lu, ibi tó lu nìkan ló ṣàìsàn. Strut tó lu láti inú, ibi tó lu ni ó kàn ṣáájú yọjú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀yin ń lẹ irin tuntun mọ́ irin tó ti fẹ́lẹ́, iná yín tún ń yí ara irin náà padà nítòsí ojú ìjó, ó lè le kó sì gan níbẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní AC 43.13-1B, tó fi bí wọ́n ṣe ń so irú ọ̀pá yìí hàn. Ògbólógbòó onímọ̀ àti irin tí ara rẹ̀ ṣì le ló wà fún, kì í ṣe fún èyí tí ìpẹtà ti jẹ láti inú. Ti alumíníọ̀mù kò tilẹ̀ ní àríyànjiyàn nínú: wọ́n ti fi iná sọ ọ́ di líle láti ilé-iṣẹ́, iná ajórin á sì tún sọ ọ́ di rírọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wá kù, mo sì lérò tèmi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tí strut bá yege àyẹ̀wò, ẹ lè da òróró linseed tàbí oògùn ìpẹtà sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ yí i sókè-sódò kó kan ibi gbogbo, kẹ́ ẹ ro ó gbẹ, kẹ́ ẹ sì dá a padà. Òun ló dínwó jù lónìí. Àmọ́ lẹ́yìn oṣù 24, ẹ ó tún tú u, ẹ ó tún gbé apá lé igi, ẹ ó tún wá ẹni tó ní tester. Ẹ ṣírò ìyẹn fún ọdún mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wo ibi tówó dé.

Strut tí wọ́n dí pa láti ilé-iṣẹ́, irú èyí tí Univair ń ṣe ní Colorado, gbówó lórí, ó sì gùn, èyí tó jẹ́ pé ẹrù rẹ̀ ń dun àpò ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Owó ibodè náà wà. Ṣùgbọ́n omi ò rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀, àyẹ̀wò olóṣù 24 sì ti kúrò lọ́rùn yín. Fọ́ọ̀kì nìkan lẹ ó máa bá yí.

Ẹ̀kẹta ni àlòkù láti ara bàálù mìíràn. Àwọn kan á pè yín láti ọ̀nà jíjìn pé àwọn ní, ó mọ́, owó rẹ̀ dáa. Ẹ béèrè ìwé rẹ̀: bàálù wo ló ti wá, kí ló ṣe bàálù ọ̀hún, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò. Bí bàálù náà bá forí sọlẹ̀, strut rẹ̀ ti ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, ó lè ti tẹ̀ níbi tójú ò tó. Láìsí ìwé, mi ò ní fi ṣe òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi.

Ta ló yẹ kó yan èwo

Ẹni tó fẹ́ ra Piper tó sì jẹ́ pé strut rẹ̀ ò ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n dí i pa: ẹ máa kà á sí pé ó ti bàjẹ́, kẹ́ ẹ yọ owó strut tuntun kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san. Tó bá padà yege, ẹ jèrè. Ẹni tó ní bàálù tó ń sùn níta, tó sì fẹ́ lò ó pẹ́, kó ra èyí tí wọ́n dí pa, kó má wulẹ̀ ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí tirẹ̀ ń sùn nínú ilé bàálù, tí inú strut sì mọ́, tó sì máa tà á láìpẹ́, òróró àti tester tó fún un. Oní-Cessna ò ní wàhálà púpọ̀: kó máa ṣí ìbòrí, kó máa wo ihò bóòtù, kó má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ti bàálù láti àárín strut. Ibi tó bá ti tẹ̀ láàárín, ibẹ̀ ló ti máa ká nígbà tí ẹrù bá dé.

Tẹ́ ẹ bá ń tú Piper, ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ yí fọ́ọ̀kì kó tó bọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Fọ́ọ̀kì yẹn ni wọ́n fi ń ṣètò bí apá ṣe dúró. Bẹ́ ẹ bá yí i wọ̀ ju bó ṣe wà lọ, bàálù á máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lókè, awakọ̀ á máa fi ọwọ́ bá a jà títí tó fi máa balẹ̀. Strut tuntun ò sì gùn bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tún apá wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é tán. Onímọ̀-ẹ̀rọ tí NCAA fún níwèé àṣẹ ló máa buwọ́ lù ú sínú ìwé bàálù. Èmi tó ti fẹ̀yìn tì kò lè bá yín buwọ́ lu nǹkan kan mọ́, ìmọ̀ràn nìkan ló kù lọ́wọ́ mi.

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ra tuntun níkẹyìn, ó sì pẹ́ kó tó dé. Ọ̀gá ajórin Ìsọ̀kún wá sílé mi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun fẹ́ rí èyí tọ́mọ ẹ̀gbọ́n mi là. Ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ́ inú rẹ̀, ó fẹ́ ìyẹ̀fun pupa náà kúrò, ó tún tọ́ ọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ fún mi ní ìlàjì kan." Ó ti gbé e kọ́ báyìí sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbòjú tí wọ́n fi ń jó irin, inú rẹ̀ kọjú síta káwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè máa rí i.